Ohùn Ìyá Àgbà Lórí Ẹ̀rọ Àjọlò

Ẹ̀yìn ilé Ìyá Àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, ní Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin, ni aládùúgbò wọn gbé ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́ sí. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí mo lọ gba ohùn wọn sílẹ̀ sórí fóònù mi, ẹ̀rọ náà ò sinmi rárá. Mi ò kọbi ara sí i nígbà yẹn, torí pé ìtàn tí wọ́n ń sọ ti gbé mi lọ. Wọ́n ń sọ bí àwọn àti àbúrò wọn obìnrin ṣe ru ẹ̀gẹ́ lọ sódò nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, bí àbúrò ṣe ń ṣeré títí tó fi yọ̀ ṣubú sómi, bí agbọ̀n ẹ̀gẹ́ ṣe bá odò lọ, àti irọ́ tí wọ́n jọ pa fún ìyá wọn nígbà tí wọ́n délé. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Àbúrò yẹn, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Ayépé nítorí pé Ayépé ni wọ́n lọ́kọ sí, ò lè rìnrìn àjò mọ́ nítorí orúnkún. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé mo ti gba ìtàn sílẹ̀ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n wọn, wọ́n pè mí lórí fóònù.

"Gbé e wá kí n gbọ́ ohun tó sọ nípa mi. Má jẹ́ kó pẹ́ o."

Mo ní kò ní pẹ́. Mo délé, mo tẹ ohùn náà, ariwo ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ ló bo gbogbo rẹ̀. Ìyá Àgbà á yọ díẹ̀, wọ́n á tún rì, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ látinú kànga.

Kíkọ ọ̀rọ̀ sísàlẹ̀ fíìmù ni iṣẹ́ mi, nítorí náà mo mọ̀ pé sọ́fítíwíà kan wà tó lè ya ohùn ènìyàn kúrò lára ariwo. Láàpútọ́ọ̀pù mi ti darúgbó jù fún un. Nígbà tí mo dán an wò, ó gbóná bí ààrò, ó sì kú. Ibi tó ti lè ṣeé ṣe ni ọ́fíìsì wa ní Ìjẹ̀bú-Òde. Àwa mélòó kan, tí kálukú ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, la jọ gba òkè ilé kan níbẹ̀, a sì jọ ń lo kọ̀ǹpútà ńlá kan, sáfà tó ń lo ètò ìṣiṣẹ́ Linux, tó wà nínú yàrá kékeré lẹ́yìn lórí ìńfátà tirẹ̀. Orí láàpútọ́ọ̀pù wa la ti máa ń wọ inú rẹ̀, kálukú sì ní àyè tirẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ló ní páswọ́ọ̀dù tí a fi ń fi nǹkan tuntun sí i fún gbogbo ènìyàn. Alàájì ni, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ń tọ́jú sáfà náà bí ẹni ń tọ́jú àgbò Iléyá.

Mo tẹ kọmáǹdì tó yẹ, ọ̀rọ̀ tí a fi ń rán sáfà níṣẹ́. Sáfà ní mi ò ní àṣẹ láti ṣe bẹ́ẹ̀. Mo bá lọ bá Alàájì.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi fi sọ́fítíwíà kan sórí sáfà. Kò ní gbà yín lásìkò rárá."

"Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo yín máa ń wí." Wọ́n fa ìgò ojú wọn wálẹ̀. "Jẹ́ ká kọ́kọ́ bi í ní ohun tó fẹ́ ṣe, ká tó ní kó ṣe é."

Mi ò mọ̀ pé ènìyàn lè bi í bẹ́ẹ̀. Wọ́n tẹ kọmáǹdì tèmi gan-an, wọ́n fi ọ̀rọ̀ kan kún un tó ní kí sáfà kàn dán an wò, kó má fọwọ́ kan nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ lọ lójú ẹ̀rọ. Sọ́fítíwíà mi ń béèrè òmíràn, òmíràn yẹn náà ń béèrè òmíràn, ìyẹn wá ń béèrè ẹ̀dà tuntun ti nǹkan kan tó ti wà lórí sáfà tẹ́lẹ̀. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni Alàájì fi ìka sí.

"Kà á sókè."

Mo kà á. Sáfà ní bí a bá fi ẹ̀dà tuntun náà sí i, òun á yọ sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń ya máàpù ilẹ̀ dànù.

Ẹni tó ń lo ìyẹn jókòó sẹ́yìn wa níbẹ̀. Àǹtí kan ni, ọmọ Ìjagun, tó máa ń ya máàpù oko fún àwọn àgbẹ̀. Wọ́n ti dìde kí n tó kà á tán.

"Alàájì, ẹ dákun, ẹ má tẹ nǹkan kan! Láti àárọ̀ ni máàpù àwọn àgbẹ̀ ti wà lórí iná níbẹ̀."

"Mi ò tíì tẹ nǹkan kan."

Àǹtí yíjú sí mi. "Kí lo fẹ́ fi síbẹ̀ tó fẹ́ lé tèmi jáde?"

"Ohùn ìyá mi àgbà ni, mà. Ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ ló bò ó."

Wọ́n wò mí títí, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ ló fẹ́ ba iṣẹ́ mi jẹ́ láti Ìmùṣin?"

Alàájì ní àwọn ò ní torí ẹnì kan ba iṣẹ́ ẹlòmíràn jẹ́. Ṣùgbọ́n mo lè la àyè kan sọ́tọ̀ nínú fódà tèmi, kí sọ́fítíwíà mi àti gbogbo ohun tó ń béèrè máa gbé ibẹ̀, kí ti Àǹtí wà níbi tó wà.

"Ìyẹn ò gba páswọ́ọ̀dù mi," wọ́n ní. "Sùúrù ló gbà."

Ó gba sùúrù lóòótọ́. Mo la àyè náà, mo ní kí sọ́fítíwíà wọlé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé dáadáa títí íńtánẹ́ẹ̀tì fi já. Ó padà dé, mo tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ìjà ló bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn ohun tó ń béèrè. Ọ̀kan ní òun ò fẹ́ ẹ̀dà tó ju ti èṣí lọ. Èkejì ní bí kò bá ti jẹ́ tuntun, òun ò ní jókòó. Bí mo bá tẹ́ ọ̀kan lọ́rùn, èkejì á figbe ta. Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, mo tún ṣe é, ibi tí mo dé tẹ́lẹ̀ náà ni mo tún dé. Ìgbà yẹn gan-an ni Ìyá Àgbà pè.

"Ṣé ẹ̀rọ yín ti wá gbọ́ ohun tí mo sọ?"

"Kò tíì gbọ́, mà."

"Adití ni?"

Àǹtí gbọ́ bí mo ṣe ń bẹ̀bẹ̀ lórí fóònù. Wọ́n gbé abọ́ gàrí tí wọ́n ń mu kalẹ̀, wọ́n fa àga wọn wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. "Sún díẹ̀, jẹ́ n wò ó." Wọ́n yí ojú ẹ̀rọ padà lọ sókè, sókè pátápátá, síbi tí mi ò kà rí.

"Ìlà tó kẹ́yìn lò ń kà. Ibí ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Kí ló dé tó o fi taku lórí ẹ̀dà tuntun?"

"Mo rò pé òun ló dáa jù ni."

"Fún ta ni? Gba èyí tó ṣáájú rẹ̀. Gbogbo wọn ló gbọ́ra wọn yé nígbà yẹn."

Mo gba èyí tó ṣáájú. Àwọn tó ń bára wọn jà wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì jókòó jẹ́ẹ́. Ohun kékeré kan ló ṣẹ́ kù, èyí tó máa bá wa ṣí ohùn tí a gbà lórí fóònù, orí sáfà gan-an ló sì gbọ́dọ̀ wà. Alàájì tún kọ́kọ́ bi sáfà léèrè. Sáfà ní òun ò ní yọ nǹkan kan. Wọ́n wo Àǹtí, Àǹtí mi orí pé kò burú, Alàájì ní "Bísímílà", wọ́n tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí sọ́fítíwíà ya ohùn náà kúrò lára ariwo tán, mo ki ẹ̀rọ ìgbọ́hùn bọ etí méjèèjì. Ìyá Àgbà ni, kedere, bí ẹni pé wọ́n jókòó tì mí. Mo fa ẹyọ kan yọ fún Àǹtí, a jọ ń gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ń ṣe mí bí ẹni pé kò pé, mi ò sì mọ ohun tó jẹ́, àfi ìgbà tí a dé ibi irọ́ tí wọ́n pa fún ìyá wọn. Ó pa lọ́lọ́. Sọ́fítíwíà náà ti ka ẹ̀rín wọn mọ́ ariwo.

"Yéè!" Àǹtí figbe ta. "Wọ́n ti kó ẹ̀rín màmá dànù pẹ̀lú ẹ̀gẹ́!"

A dín agbára rẹ̀ kù. Ẹ̀rín padà, ariwo ẹ̀gẹ́ díẹ̀ náà sì bá a padà. Mo ní ó tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo wọkọ̀ lọ sí Ayépé. Ìyá Ayépé ti jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ti yí etí tó gbọ́ràn jù sí ọ̀nà. Mo gbé fóònù sún mọ́ ọn. Wọ́n pa ojú dé. Bí ẹ̀gbọ́n wọn bá rẹ́rìn-ín, àwọn náà á rẹ́rìn-ín, wọ́n á máa fọwọ́ lu itan. Nígbà tí ìtàn dé etí odò, wọ́n la ojú.

"Dá a dúró! Ta ló ní ó ṣubú sómi?"

"Wọ́n ní ẹ̀yin ni, mà."

"Èmi kẹ̀? Irọ́ gbuu! Òun ló ṣubú. Èmi ni mo fà á jáde, tí mo fi ìró mi nù ún lórí. Pè é fún mi."

Mo pe Ìyá Àgbà. Ìjẹ̀bú tí àwọn méjèèjì ń sọ síra wọn yára débi pé èmi tí mo rò pé mo gbọ́ ọ, ìdajì rẹ̀ ni mo rí mú. Ìyàwó ilé gbé ìkọ́kọrẹ́ fún mi, mo lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo ń jẹun. Ìyá Ayépé di fóònù mú gírígírí, wọ́n ń naka sí i bí ẹni pé ẹ̀gbọ́n wọn wà nínú rẹ̀. Kí n tó jẹun tán, wọ́n ti kúrò lórí ọ̀rọ̀ odò, wọ́n ti bọ́ sórí ta ni bàbá wọn fẹ́ràn jù nínú àwọn méjèèjì.