Ìbéèrè tí Dókítà Ajá Bi Mí

Bàbá onílé wa kì í pariwo. Bí inú bá ń bí wọn, ohùn wọn á lọ sílẹ̀ ni. Lọ́jọ́ náà, wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá wa ní Òkokomáíkò, wọ́n ń wo ajá mi. "Ọmọ mi, tí ajá yìí bá tún fi lè bímọ sínú ilé mi, àwọn tó ń ra ajá pa jẹ ni màá pè. Mi ò ní tún un sọ."

Wọ́n jàre. Ó ti bímọ lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń yàgbẹ́ sẹ́nu ọ̀nà àwọn tó fẹ́ lọ kírun. Ti ìkẹta, mo kó wọn sínú páálí, mo gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà pé bóyá aláàánú á mú wọn. Nígbà tí mo padà débẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ọ̀kan ṣoṣo ni mo bá, mọ́tò ti tẹ̀ ẹ́ pa. Ẹ gbà mí o, ṣé èmi ni mo fún un lóyún ni? Gbogbo akọ ajá láti Ìbà dé Ọ̀jọ́ ló mọ ilé wa!

Oníbàárà kan ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ta wáyà iná ní Àlàbá ló sọ fún mi pé àwọn dókítà ẹranko ń bọ̀ wá sí Ìbà Housing Estate. Ọjọ́ kan péré ni, ọ̀fẹ́ sì ni: wọ́n á tẹ akọ lọ́dàá, wọ́n á yọ ilé ọmọ abo. Mo sáré lọ forúkọ sílẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n tẹnu mọ́ fún mi: ajá ò gbọdọ̀ jẹun láti alẹ́ títí wọ́n á fi ṣe é tán.

Mo sọ fún màmá mi tí wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ mi. Wọ́n wò mí bíi pé orí mi ti dàrú. "Ẹni tí wọ́n fẹ́ fi ọ̀bẹ la nínú, ẹ tún fẹ́ febi pa á?" Mo jágbe mọ́ wọn. Màmá mi yìí, bó bá jẹ́ ilé ẹjọ́ lò ń lọ, wàá kọ́kọ́ jẹun kó o tó jáde nílé wọn.

A ti wà lórí ìlà fún bíi wákàtí méjì, ó ku ẹnì kan níwájú mi, ni fóònù mi dún. Màmá mi ni. "Má bínú o. Mo fún un ní ẹ̀bà àti orí ẹja kó o tó jí. Kò pọ̀."

Yéè, mo gbé! Mo wo ajá, ó ń ju ìrù. Àwọn akọ ti ń tẹ̀ lé e láti ìjẹta. Bí wọ́n bá dá wa padà, ó di ìgbà wo?

Dókítà náà, ọmọbìnrin kan tó ti rẹ̀ tẹnutẹnu, bi mí pé, "Mọ́mì, ṣé ó jẹ nǹkankan láàárọ̀ yìí?"

"Rárá o. Omi gan-an ò kàn án lẹ́nu."

"Ó dá yín lójú?"

Mo kanra mọ́ ọn. "Ṣé màá purọ́ nítorí ajá ni?"

Ó gún un lábẹ́rẹ́. Ọwọ́ mi ló sùn sí. Wọn ò tíì fi ọ̀bẹ kàn án tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í bì, tí ẹ̀bà náà sì há a lọ́fun. Wọ́n dorí rẹ̀ kodò, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ láyà, wọ́n ń ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Kò mí mọ́. Dókítà wo ẹ̀bà tó wà lórí tábìlì, ó wo èmi náà. Ì bá bú mi, ì bá sàn.

Mo fi ìró dì í, mo gbé e délé. Màmá mi wà ní géètì. Wọ́n rí ìró náà, wọ́n rí ojú mi.

"Ṣé oúnjẹ tí mo fún un ni?"

Mo mọ ohun tó yẹ kí n sọ. Àmọ́ ojú ń tì mí, inú ń bí mi, mo sì ń wá ẹni tí màá dì í rù.

"Oúnjẹ yín ni, Màámi. Ṣebí mo sọ fún yín."

Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, wọ́n gbé ajá lé ẹsẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, pé àwọn ò mọ̀ ni. Mo dúró tì wọ́n. Mi ò sọ fún wọn pé dókítà bi mí lẹ́ẹ̀mejì.