Ohun Tí Gudrun Ń Wò Lọ́sàn-án

Verner aládùúgbò mi kì í ṣe èèyàn burúkú. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ìyẹn ná, torí inú ṣì ń bí mi sí i, ẹnu mi ò sì ní ìlẹ̀kùn. Ó ti pẹ́ tí a ti jọ ń gbé ní ìlú Hobro níbí, ọgbà ewéko kúkúrú kan ló pààlà ilé wa, orí rẹ̀ la ti máa ń na ẹyin àti ṣúgà síra wa. Iṣẹ́ iná mànàmáná ló ṣe nílé iṣẹ́ wàrà títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ó láápọn, ó mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ló mọ̀ ọ́n bá sọ̀rọ̀ ju èèyàn lọ. Bí ọkàn rẹ̀ bá ti dàrú báyìí, á wá nǹkan tú, á tún un tò.

Ọmọ kan ṣoṣo ni òun àti Gudrun ìyàwó rẹ̀ bí, Tilde, ojú wọn sì rí màbo kí wọ́n tó rí i bí. Láti ọjọ́ tí ọmọ náà ti dáyé ni wọn ò ti pe ara wọn lórúkọ mọ́. "Màmá" ni Verner ń pe Gudrun, "Bàbá" ni Gudrun ń pè é. Gbogbo ohun tí Tilde bá ṣe ni Verner ń ká sí fídíò: ìgbà tó kọ́kọ́ wẹ̀ nínú ọ̀sà, ọjọ́ tó fi kẹ̀kẹ́ ya wọ inú ọgbà mi tó run ewébẹ̀ mi, àti àárọ̀ gbogbo ọjọ́ ìbí rẹ̀, tí wọ́n máa ń fi orin àti àsíá kéékèèké jí i lórí bẹ́ẹ̀dì.

Nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì di ohun àtijọ́, Verner ṣe ẹ̀dà gbogbo fídíò inú wọn sínú àpótí dúdú kan, bíi kọ̀ǹpútà, tó gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ, tó ń kùn tọ̀sán-tòru. Sáfà ló ń pè é. Ẹ ó jókòó jẹ́ẹ́ ní pálọ̀, ẹ ó tẹ rìmóòtù, ohun tó wà nínú àpótí yẹn á yọ lórí tẹlifíṣọ̀n. Ó dáa, mi ò lè purọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan mo bá a tó ń kó àwọn kásẹ́ẹ̀tì yẹn sẹ́yìn ọkọ̀, ó ń lọ síbi tí ìlú ń kó pàǹtírí sí.

"Verner, ṣé orí ẹ pé ṣá? Kásẹ́ẹ̀tì ọmọ ẹ lo fẹ́ lọ dà nù?"

"Kí ni mo tún fẹ́ fi wọ́n ṣe? Díísìkì méjì ló wà nínú sáfà mi, Bodil. Ohun tí ọ̀kan bá ní, èkejì ní in. Tí ọ̀kan bá kú, èkejì á máa bá iṣẹ́ lọ."

"Tí nǹkan bá wá ṣe méjèèjì ńkọ́?"

"Máa fi ẹnu ẹ yẹn mu kọfí, jàre."

Bó ṣe dáhùn mi nìyẹn. Mo rẹ́rìn-ín, mo wọlé lọ.

Tilde ń ti ìlú Aalborg bọ̀ wálé nígbà òtútù, yìnyín bo títì, ọkọ̀ rẹ̀ yọ̀, ó sì kó sábẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù. Kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Gbogbo ilé tó wà ládùúgbò wa ló sọ àsíá sílẹ̀ dé ìdajì òpó láti fi ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Fóònù rẹ̀ rún wómúwómú pẹ̀lú ọkọ̀ náà. Ibi kan ṣoṣo tí ohùn ọmọ yẹn wá kù sí láyé ni àpótí dúdú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ.

Verner ò lè gbọ́ ohùn náà. Bí ohùn náà bá ti ń jáde láti pálọ̀, á gbé kóòtù rẹ̀, á gba ẹ̀bá ọ̀sà lọ, kò sì ní í tètè dé. Gudrun ní tirẹ̀ ò lè ṣe kó má gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n rìmóòtù máa ń dà á láàmú, á tẹ ibí, á tẹ ọ̀hún, á sọnù sáàárín ohun tí kò wá, á wá máa ké sí mi lórí ọgbà. Àánú rẹ̀ ṣe Verner. Ó kó gbogbo fídíò Tilde, ó kó wọn sáàárín àwọn ètò tẹlifíṣọ̀n tí sáfà máa ń gbà sílẹ̀ fún un, bọ́ọ̀lù afọwọ́gbá àti ètò àwọn olùtọ́jú ọgbà, torí àwọn yẹn ló máa ń kọ́kọ́ yọ tí èèyàn bá tan tẹlifíṣọ̀n. "Màmá, tẹ ibí yìí péré," ló sọ. Ìfẹ́ ló fi ṣe é, mo jẹ́rìí sí i.

Ohun tó gbàgbé ni pé òun fúnra rẹ̀ ló ti pàṣẹ fún sáfà tipẹ́tipẹ́ pé ètò yòówù tí wọ́n bá ti wò parí níbẹ̀, kó pa á rẹ́, kí bọ́ọ̀lù má baà kún inú díísìkì.

Ìyẹn ni pé lọ́sàn-án, bí Verner bá ti jáde, Gudrun á po kọfí, á tan àbẹ́là, á jókòó, á wo Tilde kan parí. Tó bá fi máa di ọjọ́ kejì, Tilde yẹn ò sí mọ́.

Ọjọ́ ìbí ọmọ náà la tó mọ̀. Wọ́n fa àsíá dé òkè òpó, Gudrun ṣe kéèkì, wọ́n pè mí. Bí a ṣe ń jẹun lọ́wọ́, Verner dìde. "Mo ti sá tó," ó ní. "Mo fẹ́ rí i lónìí." Ó mú rìmóòtù. Bọ́ọ̀lù ló yọ. Ọgbà. Bọ́ọ̀lù. Ó wá a títí, ó sáré lọ wo sáfà, ó padà dé, ojú rẹ̀ ti funfun.

"Màmá, àwọn fídíò Tilde dà?"

Gudrun rọra gbé ife rẹ̀ kalẹ̀. "Bàbá, èmi ló yẹ kí o máa bi? Ìwọ lò ń yọ wọ́n."

"Èmi kẹ̀? Yọ wọ́n lọ síbo?"

"Tí mo bá ti wo ọ̀kan, o ó yọ ọ́. Mo rò pé o fẹ́ kí n máa gbàgbé ẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni. Mo ní tí ìyẹn ló máa jẹ́ kí o lè jókòó tì mí nínú ilé yìí, mo fara mọ́ ọn."

"O rí i pé wọ́n ń tán lọ, o ò sì bi mí!"

"Ìgbà wo ni ǹ bá bi ọ́, Bàbá? Tí mo bá ti dárúkọ rẹ̀, kóòtù lò ń gbé." Ohùn rẹ̀ ò tiẹ̀ lọ sókè. "Mo máa ń dágbére fún ọ̀kọ̀ọ̀kan kí n tó tẹ̀ ẹ́."

Háà! Mo ti sin òbí, mo ti sin ọkọ, nǹkan kan ò wọ̀ mí lára tó gbólóhùn yẹn rí. Kí n má baà máa sunkún ni mo fi bèèrè díísìkì kejì. Verner jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ohun tí ọ̀kan bá pa rẹ́, èkejì á pa á rẹ́," ló sọ, ó wá bú sẹ́kún, ẹkún àgbà ọkùnrin tó ń jáde láti inú ikùn.

Ẹyọ kan ṣì kù nísàlẹ̀ pátápátá. "Ìyẹn ò wúlò," Gudrun ní. "Mo tan án, àwa méjèèjì ni mo rí, òun ò sí níbẹ̀. Mo bá pa tẹlifíṣọ̀n kó tó parí." Verner ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ó gbé àpótí náà lọ sọ́dọ̀ onímọ̀ kan ní Aarhus. Onítọ̀hún wò ó dáadáa, ó ní kò sọ́gbọ́n mọ́, bọ́ọ̀lù tí sáfà ń gbà sílẹ̀ ti gun orí gbogbo àyè tí Tilde fi sílẹ̀. Mo ṣépè fún bọ́ọ̀lù yẹn lọ́jọ́ náà, mo sì ṣépè fún Verner mọ́ ọn.

Verner gbé àpótí náà padà sílé, ó fagi lé àṣẹ tó fún un pé kó máa pa nǹkan rẹ́, wọ́n wá ké sí mi lórí ọgbà. Ó jókòó ti Gudrun lórí àga gígùn, èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà, Gudrun sì tẹ ẹyọ kan tó kù.

Ilé ìdáná wọn ni, láyé ọjọ́un. Verner ṣì nírun lórí, Gudrun ń dín àkàrà ẹyin. Àwòrán náà ń mì, ó ń lọ sókè sódò, ọwọ́ ọmọdé ló di kámẹ́rà mú. Ohùn kékeré kan wá jáde látẹ̀yìn rẹ̀, ó mọ́ gaara.

"Màmá, sún mọ́ Bàbá. Bàbá, di Màmá mú. Rárá o, ẹ má wo àkàrà, èmi ni kí ẹ máa wò!"

Àwọn méjèèjì tó wà nínú tẹlifíṣọ̀n yíjú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n tẹjú mọ́ ọmọ kan tí àwa ò rí.

"Ṣé ẹ ń wò mí?"

Verner sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án.

"A ò rí ẹ, ọmọ mi," ó ní. "A ò rí ẹ."