Ilé-Ìwé Tí Orrin Stadler Kò Fẹ́

Orrin Stadler kì í ṣe èèyàn burúkú. Ẹnu rẹ̀ ni kò dáa. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ níbi tí àwọn àgbẹ̀ ìpínlẹ̀ Iowa, ní Amẹ́ríkà, ti ń tọ́jú àgbàdo wọn, ó sì ṣòro kéèyàn rí àgbẹ̀ kan níbẹ̀ tí kò tíì bá jà lórí ọ̀rọ̀ òṣèlú. Ó ti bá pásítọ̀ jà, ó ti bá ẹni tó ń gé irun rẹ̀ jà. Ìyàwó rẹ̀ fara dà á fún ọdún mẹ́rìnlá kó tó di ẹrù rẹ̀ lọ sí Arizona. Brynn, ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo, ló kù sọ́dọ̀ rẹ̀, nítorí kò fẹ́ fi àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Lọ́dún tí Brynn ń parí ilé-ìwé girama, ohun tó ń wá ò le. Kò fẹ́ yunifásítì ràgàjì tí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì akẹ́kọ̀ọ́ wà, tí èèyàn á kàn sọnù sí. Kò sì fẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì kóńkó tí gbogbo wọn á ti mọ ohun tó jẹ láàárọ̀. Èyí tó wà láàárín ló ń wá, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta tàbí mẹ́rin èèyàn, níbi tí ẹni tó bá jókòó tì í nídìí oúnjẹ ò ti ní kọ́kọ́ bi í pé ẹgbẹ́ òṣèlú wo ló ń ṣe. Nínú ilé bàbá rẹ̀, wọn kì í jẹun alẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ má di ariwo. Ó ti sú u.

Ní ti Orrin, ẹ̀rù kan ló ń bà á, kò sì fi bò: pé wọ́n á gba ọmọ òun mọ́ òun lọ́wọ́. Ó ti ṣojú rẹ̀ rí. Ọmọ ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ lọ kọ́lẹ́ẹ̀jì fọ́dún kan péré, nígbà tó dé, kò bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Orrin wá búra pé kò sí ilé-ìwé tí Brynn máa lọ tí òun ò ní kọ́kọ́ fojú ara òun rí.

Lóṣù Kẹwàá, wọ́n wa ọkọ̀ lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì kan lẹ́bàá odò Mississippi. Bí wọ́n ṣe ń fi ọgbà han àlejò ni pé akẹ́kọ̀ọ́ kan á kó àwọn òbí àtọmọ yí ọgbà ká, á kọjú sí wọn, á máa fẹ̀yìn rìn, á sì máa ṣàlàyé. Òbí tó mọ̀wà hù á béèrè oúnjẹ, á béèrè ibi tí wọ́n ti ń fọṣọ, á sì panu mọ́, kí ọmọ tó fẹ́ wọlé lè béèrè tiẹ̀. Orrin ti gbogbo èèyàn sẹ́yìn, ó lọ dúró síwájú. Ó ní kí ọmọbìnrin tó ń mú wọn káàkiri, Marit lorúkọ rẹ̀, sọ iye olùkọ́ tó ń ṣe ẹgbẹ́ tòun. Marit rẹ́rìn-ín, ó ní òun ò mọ̀, àwọn kì í bi wọ́n. Orrin ní irọ́ ni. Kí wọ́n tó dé ilé oúnjẹ, ó ti dá a dúró lẹ́ẹ̀mẹrin. Nígbà karùn-ún, ó pariwo bi í bóyá wọ́n ń fìyà jẹ ọmọ tó bá ń ronú bíi ti bàbá rẹ̀. Marit gbójú sókè wò ó, gìgísẹ̀ rẹ̀ gbá àtẹ̀gùn tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ṣubú, ìgunpá rẹ̀ bó yánnayànna.

Brynn sáré lọ gbé e dìde. Ẹ gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu àgbà ọkùnrin yìí: "Ẹ wò ó, wọn ò tiẹ̀ lè dúró dáhùn ìbéèrè."

Ìyá kan nínú wọn kọjú sí i. "Ọ̀gbẹ́ni, ọmọ yín ń sunkún."

Lóòótọ́, Brynn ń sunkún. Nínú ọkọ̀, Orrin ní ṣé ó rí bí wọ́n ṣe ń wo àwọn, pé ọ̀tá ni gbogbo wọn. Brynn ò fèsì fún odindi wákàtí mẹ́ta tí wọ́n fi padà sílé. Orrin rò pé ó gbà pẹ̀lú òun ni.

Òun fúnra rẹ̀ ló yan ilé-ìwé kejì, níbi tí gbogbo wọn ti ń ṣe ẹgbẹ́ tiẹ̀. Wọ́n yẹ́ ẹ sí, wọ́n ń bá sítíkà ẹgbẹ́ tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀ ya fọ́tò. Nídìí oúnjẹ, ọmọkùnrin kan bi Brynn pé ta ló máa dìbò fún, kó tó bi í lórúkọ. Brynn gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀, kò jẹun mọ́. Bàbá rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ó ń gbá ọmọkùnrin náà léjìká. Fìlà ilé-ìwé yẹn ni Orrin dé wálé.

Lóṣù Kẹrin, àpòòwé ńlá kan dé. Orrin ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀, inú bí i. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀bá odò ló ti wá, wọ́n ti gba Brynn wọlé. Ó jù ú sórí tábìlì níwájú ọmọ rẹ̀.

"Ibi tí wọ́n ti fojú ọ̀tá wò wá lo tún kọ̀wé sí?"

"Mo ti padà lọ, Dádì. Àǹtí Marva ló gbé mi lọ lóṣù Kejì. Mo sùn ọjọ́ méjì ní yàrá Marit, ẹni tó ṣubú yẹn."

Marva ni àbúrò Orrin. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí wọ́n ti bára wọn sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, nítorí ìbò ni. Kí Orrin tó lè sọ̀rọ̀, Brynn ti ń bá tiẹ̀ lọ. Ó ní Marit àti ẹni tí wọ́n jọ ń gbé yàrá ò ṣe ẹgbẹ́ kan náà. Wọ́n jiyàn lójú òun, wọ́n sì jọ jẹ gúgúrú nínú abọ́ kan. Kò sẹ́ni tó bi òun pé ẹgbẹ́ wo lòun ń ṣe.

"Àwọn èèyàn yẹn bú wa, Brynn."

"Wọn ò bú wa. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo lọ, ọgbà kan náà ni, àwọn èèyàn kan náà ni. Ẹ̀yin nìkan lẹ ò sí níbẹ̀ nígbà kejì."

Orrin ti àpòòwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó fa àga, ó jókòó. Ó béèrè ọjọ́ tí wọ́n ń wọlé, ó ní òun á yẹ táyà ọkọ̀ wò, òun á gbé fíríìjì rẹ̀ gun òkè lọ sí yàrá rẹ̀ nílé-ìwé, bí gbogbo bàbá ìlú wọn ṣe ń ṣe fún ọmọ wọn. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀ pátápátá.

Brynn ò wo ojú rẹ̀.

"Àǹtí Marva ló máa gbé mi lọ. Ẹ jọ̀ọ́, Dádì, ẹ dúró sílé."

Àánú bàbá rẹ̀ ṣe é, àmọ́ kò kó ọ̀rọ̀ náà jẹ.