Ohùn Ọmọdé Inú Kásẹ́ẹ̀tì Mọ́mì

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ súnmọ́ mi díẹ̀, kí n ròyìn ohun tójú mi rí nínú ilé mi ní Mafoluku níbí. Mo ti gbé e mọ́ra títí, ṣùgbọ́n bí mi ò bá sọ ọ́, kò ní jẹ́ kí n sinmi.

Ọ̀dọ̀ mi ni Mọ́mì mi ń gbé. Tíṣà ni wọ́n ní Èkìtì kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, lẹ́yìn tí Dádì kú ni mo lọ mú wọn wá sí Èkó. Ara wọn le dáadáa, àmọ́ ìgbàgbé ti ń wọlé díẹ̀díẹ̀. Wọ́n á gbé omi kaná, wọ́n á gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n á pè mí lórúkọ àbúrò wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní òbí àgbà nílé, ṣé ọ̀rọ̀ mi yé yín?

Mo wá rò ó pé kí n gba ohùn wọn sílẹ̀ kó tó pẹ́ jù. Oríkì ìdílé wa, ìtàn wa, àwọn àlọ́ tí wọ́n máa ń pa fún wa nígbà tí a wà ní kékeré. Mo gbé fóònù síwájú wọn. Háà! Mọ́mì kàn gan bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù. Wọ́n ní ta ló wà lórí láìnì? Mo ní kò sẹ́nì kankan. Wọ́n ní ta ni káwọn wá máa bá sọ̀rọ̀?

Ìgbà yẹn ni mo rántí rẹ́kọ́dà Dádì. Rẹ́kọ́dà dúdú kékeré, èyí tó ní ọwọ́ tí wọ́n fi ń gbé e kiri, tó ń lo kásẹ́ẹ̀tì àti bátìrì ńlá. Láyé ìjelòó, inú rẹ̀ ni Dádì àti Mọ́mì máa ń sọ̀rọ̀ sí, wọ́n á wá fi kásẹ́ẹ̀tì náà ránṣẹ́ sí àbúrò Dádì ní ìlú òyìnbó. Òun náà á sọ tirẹ̀ padà. Lẹ́tà ẹlẹ́nu ni!

Bí Mọ́mì ṣe rí i báyìí, ojú wọn là. "Ẹ̀rọ bàbá ẹ rèé!" Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n fi etí aṣọ wọn nu eruku ara rẹ̀ bí ẹni ń nu ojú ọmọ.

Mo ṣe gbogbo bí Dádì ṣe máa ń ṣe é. Mo fi òwú àti sípíríìtì nu irin kékeré tí tẹ́ẹ̀pù máa ń gbà kọjá, torí ibẹ̀ ni ẹ̀rọ náà fi ń gbọ́ràn, ibẹ̀ náà ló fi ń sọ̀rọ̀. Tó bá dọ̀tí, ohùn á máa dún bíi ti ẹni tó fọwọ́ bo ẹnu. Mo rí kásẹ́ẹ̀tì òfìfo rà ní Òṣòdì lọ́dọ̀ bàbá kan tó ń ta rédíò àlòkù. Bátìrì ńkọ́? Àwọn kan wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, mo kì wọ́n bọ̀ ọ́. Iná pupa rẹ̀ tàn. Ó ṣe bàìbàì, àmọ́ ó ṣáà tàn. Mo ní ó ti tó.

Ọjọ́ Sátidé ni. Mo tẹ bọ́tìnnì pupa àti èkejì rẹ̀ pọ̀, kẹ̀kẹ́ kásẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ni Mọ́mì bá tú ẹnu! Wọ́n kì wá, wọ́n sọ ìtàn bí bàbá bàbá wọn ṣe tẹ abúlé dó. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ àlọ́ kan tí mi ò gbọ́ rí. Ọmọ kan ló tẹ̀lé ìyá rẹ̀ lọ sọ́jà, ìyá ti sọdá odò, omi wá wà láàárín àwọn méjèèjì. Ọmọ náà dúró létí omi, ó ń ké pé, "Iye, dúró dè mí o! Iye, dúró dè mí o!" Iye ni àwa ará Èkìtì ń pe ìyá. Mọ́mì ń fi ohùn jẹ́jẹ́ kọ ọ́ lórin, wọ́n ń kọ ọ́ lákọtúnkọ, títí tí kásẹ́ẹ̀tì fi parí tí bọ́tìnnì sì fò sókè fúnra rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo ní kí n gbọ́ bó ṣe dún. Mo tẹ̀ ẹ́, ó kùn bí ológbò, ó dákẹ́. Bátìrì ti kú. Mo lọ ra tuntun ní ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé wa, mo dá kásẹ́ẹ̀tì padà sí ìbẹ̀rẹ̀, mo tún un tẹ̀.

Mọ́mì wà lórí àpótí wọn ní pálọ̀, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Ọkọ mi, Bàbá Tómi, na ẹsẹ̀ sórí àga.

Oríkì kọ́kọ́ jáde. Ohùn Mọ́mì ni, ó kàn fúyẹ́ díẹ̀. Nígbà tó dé orí ìtàn abúlé, ohùn yẹn ti di ti ọ̀dọ́bìnrin. Mo ń wo rẹ́kọ́dà. Kí ló dé? Àlọ́ wá bẹ̀rẹ̀, ohùn ọmọdé ló ń pa á! Ọmọdé o! Ọmọbìnrin kékeré tí eyín rẹ̀ lè ṣẹ̀ṣẹ̀ ká. Ó wá ké látinú ẹ̀rọ náà:

"Iye, dúró dè mí o!"

Mo yíjú wo ẹnu ọ̀nà bóyá ọmọ aládùúgbò kan ló wọlé.

Bàbá Tómi ti fò sókè. "Ìyá Tómi, ọmọ ta lo gba ohùn ẹ̀ sínú nǹkan yìí?"

"Kò sọ́mọ níbẹ̀! Mọ́mì nìkan ló sọ̀rọ̀!"

"Pa á! Mo ní kó o pa á!"

Kí n tó nawọ́, atẹ ẹ̀wà ti dojú dé. Mọ́mì ti wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú rẹ́kọ́dà, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bo ara rẹ̀ bí ẹni tó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ èèyàn mú. "Mojí," ni wọ́n ń wí. "Mojísọ́lá mi. Mo wà ńbí o. Mò ń dúró."

Ta ló ń jẹ́ Mojí? Mi ò gbọ́ orúkọ yẹn rí láyé mi!

Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n mi ni. Èmi tí mo ti ń jẹ́ àkọ́bí láti ọjọ́ tí mo ti dáyé! Wọ́n ní àìsàn èéyi ló pa á kí wọ́n tó bí mi. Òun ló ni àlọ́ yẹn, òun ló máa ń gbé orin rẹ̀. Òkú ọ̀fọ̀ ni, àwọn àgbà ò jẹ́ kí òbí rẹ̀ mọ ibi tí wọ́n sin ín sí, wọ́n sì kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀ mọ́, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè dúró. Ni Dádì àti Mọ́mì bá panu mọ́. Dádì gbé tirẹ̀ lọ sí sàréè.

Rẹ̀mílẹ́kún lorúkọ mi. Mo ti rò pé ikú bàbá àgbà ni wọ́n fi sọ mí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ayé ló ń pe Mọ́mì ní Ìyá Rẹ̀mí. Ìyá Mojí ló yẹ kí wọ́n máa jẹ́.

Láti ọjọ́ yẹn, ilé wa ò rójú mọ́. Tí ilẹ̀ bá ti mọ́, Mọ́mì á ní kí n tẹ̀ ẹ́ fáwọn. Tí mo bá ní kí wọ́n jẹun ná, wọ́n á ní ṣé kí ọmọ máa ké káwọn máa jẹun? Ẹ̀ẹ̀kan, mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń dá a lóhùn, wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n dákẹ́, wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi fúnra mi, tí mo bá wà ní kíṣìnnì, mo máa ń gbọ́ "Iye, dúró dè mí o" létí mi nígbà tí rẹ́kọ́dà ò tiẹ̀ ṣiṣẹ́. Ṣé ẹ̀yin lè sùn nínú irú ilé bẹ́ẹ̀?

Bàbá Tómi ní ká sọ ọ́ nù. Mo ní rárá. Mo jókòó, mo ronú, ni mo bá rántí pé Dádì kì í gbà kí ẹnikẹ́ni fi bátìrì tó ti rẹ̀ gbohùn sílẹ̀. Kí ló fà á? Mo wá àwọn bátìrì àtijọ́ yẹn jáde látinú pàǹtí. Wọ́n ti sinmi, agbára díẹ̀ ti padà sára wọn. Mo kì wọ́n bọ rẹ́kọ́dà, mo fi kásẹ́ẹ̀tì orin ìjọ kan tí mi ò nílò mọ́ sí i, mo sọ orúkọ mi sínú rẹ̀. Mo pààrọ̀ bátìrì sí tuntun, mo tẹ̀ ẹ́. Ohùn ọmọdé kan ló sọ "Rẹ̀mílẹ́kún" fún mi!

Ó wá yé mi. Bí bátìrì ṣe ń kú lọ lọ́jọ́ Sátidé yẹn, bẹ́ẹ̀ ni tẹ́ẹ̀pù ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀. Ohun tí ẹ̀rọ gbọ́ níbi tó ti ń rìn jẹ́jẹ́, eré sísá ló máa fi sọ ọ́ jáde nígbà tí bátìrì bá le, ohùn á sì tín-ín-rín. Ohùn Mọ́mì náà ni látìbẹ̀rẹ̀. Àmọ́ ọmọ kì í jọ ìyá rẹ̀ lójú nìkan. Ẹ sọ fún mi, báwo ni mo ṣe fẹ́ fi ẹnu mi sọ ọ́ fún wọn? Ṣé kí n tún pa Mojí lẹ́ẹ̀kejì? Mo ní ó dọ̀la. Ọ̀la dé, mo tún ní ó dọ̀la.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni mo ti ibi iṣẹ́ dé, mi ò bá Mọ́mì nílé. Mi ò bá rẹ́kọ́dà náà. Yéè! Mo ké, àwọn ará ilé jáde. Aládùúgbò kan ní òun rí wọn tí wọ́n wọ kẹ̀kẹ́ márúwá, wọ́n wé gèlè, wọ́n gbé báàgì dúdú dání, wọ́n ní àwọn ń lọ pàdé ọmọ àwọn ní Òṣòdì.

Ó yé mi lójú ẹsẹ̀. Òṣòdì ni ọkọ̀ Èkìtì ti ń já èrò. Ọmọ ní kí wọ́n dúró de òun, wọ́n ti lọ dúró.

Ẹ̀yin náà mọ Òṣòdì. Ibo lèèyàn ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀? Mo ń sáré, mo ń bi àwọn agbèrò, mò ń wo ojú irin rélùwéè, ọkàn mi ń sọ oríṣiríṣi. Níkẹyìn ni obìnrin kan tó ń ta omi tútù nawọ́ sí abẹ́ agbòòrùn rẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, ṣé màmá yín nìyí? Wọ́n ti wà ńbí tipẹ́, wọn ò gba omi lọ́wọ́ mi. Wọ́n kàn ń tẹ rédíò yẹn ni."

Mọ́mì jókòó sórí bẹ́ǹṣì, rẹ́kọ́dà lórí itan wọn, wọ́n gbé etí lé e. Omijé ti rin ọrùn aṣọ wọn. Mo wólẹ̀ síwájú wọn, mo ń sunkún, mo ní Mọ́mì, ẹ dárí jì mí, ohun kan wà tó yẹ kí n ti sọ fún yín.

Wọ́n gbé ọwọ́ sókè pé kí n dákẹ́. Mo gbọ́ ọ nígbà náà. Bátìrì ti ń lọ. Orin yẹn ń jáde jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́, ohùn tó ń kọ ọ́ sì nípọn bíi ti àgbàlagbà. "Iye... dúró... dè mí o..." Ó fà gùn-ún, ó dákẹ́. Iná pupa kú.

"Rẹ̀mí," ni wọ́n wí, "nígbà tí mo débí, ọmọdé ni. Mo ń tẹ̀ ẹ́, mo ń tún un tẹ̀, ó ń dàgbà. Ó di wúńdíá. Ó di ìyàwó ilé. Ó dàgbà lójú mi, àfi ìgbà tó di èmi."

Wọ́n nu ojú wọn, wọ́n gba omi lọ́wọ́ obìnrin yẹn, wọ́n mu ún tán. Wọ́n ní ká máa lọ sílé.

Wọ́n jẹun lọ́jọ́ náà. Wọn ò ní kí n tẹ̀ ẹ́ fáwọn mọ́. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí n ra bátìrì gidi, kí n ra kásẹ́ẹ̀tì míì, wọ́n sì jókòó, wọ́n sọ ìtàn Mojí láti ọjọ́ tí wọ́n bí i. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ràn gúgúrú. Ó máa ń bẹ̀rù àdán.

Ohun tí mo kọ́ rèé: àwọn òbí wa ní yàrá kan nínú wọn tí wọ́n ti tì pa kí wọ́n tó bí wa, àwa sì ń gbé inú ilé kan náà, a ò mọ̀. Ẹ rọra bi wọ́n léèrè nígbà tí ẹnu wọn ṣì lè sọ ọ́. Tí ẹ bá sì fẹ́ gbohùn wọn sínú ẹ̀rọ àtijọ́, ẹ jọ̀ọ́, bátìrì tuntun ni kí ẹ fi sí i!

Kásẹ́ẹ̀tì àlọ́ yẹn ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Mi ò tíì ní ìgboyà láti tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin ńkọ́? Ǹjẹ́ ẹnì kan wà nínú ìdílé yín tí wọn kì í dárúkọ rẹ̀? Báwo lẹ ṣe wá mọ̀? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, ẹ sì dárúkọ rẹ̀ fún wa tí ọkàn yín bá gbà á. Èmi á kà á.