Nọ́ńbà Àná ní Ìdájí Òní

Ní ṣọ́ọ̀bù tí Ọ̀gá Adéyọ̀sí ti ń ṣe ẹ̀rọ, ní Lasunwon ní Ìkòròdú, wọn kì í tẹ bọ́tìnnì ẹ̀rọ kankan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ dán ohun tí ó ṣe wò, ẹ̀ẹ̀mejì ni yóò tẹ̀ ẹ́, nítorí ẹ̀rọ a máa ṣe bí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí: a máa kọ́kọ́ sọ ìsọkúsọ. Ọmọṣẹ́ tuntun tí ó bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, tí ó sì gba ohun tí ó rí gbọ́, ẹ̀rín ni wọn yóò fi pa á. Rọ̀kíbátù gan-an ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín náà.

"Àlejò dé o! Ìdrís, tún un tẹ̀, ẹ̀rọ ò tíì bọ́jú!"

Rọ̀kíbátù ni àgbà nínú àwọn ọmọṣẹ́. Ó ti sin ọ̀gá rẹ̀ kọjá àkókò tí wọ́n jọ dá. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti gba fírídọ̀ọ̀mù, wọ́n sì ti ní ṣọ́ọ̀bù tiwọn. Ní ọjọ́ kan, ọ̀gá pè é.

"Ẹ̀rọ Matthias ni ìdánwò rẹ. Lọ́jọ́ tí ọkùnrin yẹn bá kó ẹja rẹ̀ lọ sọ́jà, ọjọ́ náà la ó ṣe àdúrà fírídọ̀ọ̀mù rẹ."

Matthias jẹ́ ará Ìlàjẹ tí ó tẹ̀dó sí etí ọ̀sà lẹ́bàá Ẹ̀pẹ́. Nígbà tí ọ̀sà kò fún un lẹ́ja mọ́, òun àti Ṣìmí ìyàwó rẹ̀ gbẹ́ adágún, wọ́n sì ń sin ẹja èpìyà. Atẹ́gùn tí ẹja ń mí nínú omi a máa pọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, a sì máa dín kù kí ilẹ̀ tó mọ́. Iṣẹ́ ẹ̀rọ Rọ̀kíbátù ni láti wọ̀n ọ́n ní ìdájí àti ní ìrọ̀lẹ́. Bí ó bá lọ sílẹ̀, kí ẹ̀rọ náà tan páńpù tí yóò fẹ́ atẹ́gùn sínú omi fún ìgbà díẹ̀.

Ṣíìpù kékeré kan nínú ẹ̀rọ náà ni ó ń sọ iná tí ọ̀pá ìwọ̀n inú omi ń fi ránṣẹ́ di nọ́ńbà, tí ó sì ń tì í jáde lórí wáyà kan ṣoṣo, ẹyọ kan tẹ̀lé òmíràn. Ṣíìpù náà lè máa wọn omi láìsinmi. Ó sì lè sùn, kí wọ́n máa jí i nígbà tí wọ́n bá nílò rẹ̀. Nítorí pé àkókò òjò ni, tí sólà kò rí oòrùn gbà, Rọ̀kíbátù yan oorun fún un kí bátìrì má baà tètè kú. Ó dán an wò nínú garawa omi. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀gá náà tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó pé.

Kò pẹ́ tí ẹ̀rọ dé Ẹ̀pẹ́ tí Matthias fi pe Rọ̀kíbátù lórí fóònù ní ọ̀sán ọjọ́ kan.

"Ẹnjiníà wa, páńpù yìí mà ń ṣiṣẹ́ nírọ̀lẹ́ o. Tó bá di ìdájí, kẹ́kẹ́ a pa mọ́ ọn lẹ́nu."

"Ẹ tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ wò, Bàbá. Kí ló kọ?"

"Ó kéré."

"Ẹ tún un tẹ̀."

"Há! Ó ti pọ̀."

"Ẹ ò rí i? Ó ti bọ́jú nìyẹn."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Matthias gbàdúrà pé kí Ọlọ́run fún Rọ̀kíbátù ní ọkọ tí kò ní jẹ́ kí ó máa tún ọ̀rọ̀ sọ.

Ní òwúrọ̀ tí Ṣìmí pè, kò sí ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí Rọ̀kíbátù fi dé Ẹ̀pẹ́, ikùn funfun àwọn ẹja ti bo ojú adágún láti etí dé etí. Ó kúnlẹ̀ ti ẹ̀rọ, ó na ọwọ́ sí bọ́tìnnì, ó sì dá ọwọ́ dúró. Nọ́ńbà tí ẹ̀rọ kà ní ìdájí ṣì wà lójú rẹ̀: ó pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni omi tí ó wà níwájú rẹ̀ ti kú.

Nígbà náà ni ó tó yé e. Bí wọ́n bá jí ṣíìpù náà, nọ́ńbà tí ó gbé sùn ni ó kọ́kọ́ ń tì jáde, bí ó ti ń wọn tuntun lọ́wọ́; ìgbà tí wọ́n bá tún béèrè ni yóò tó mú tuntun náà wá. Ní ṣọ́ọ̀bù, ìtẹ̀ kejì ni ó ń bá wọn gba òótọ́. Ní adágún, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ ń béèrè. Ọ̀pọ̀ atẹ́gùn ìrọ̀lẹ́ àná ni ó ń rí ní ìdájí, àìtó ti ìdájí ni ó sì ń rí ní ìrọ̀lẹ́.

Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn bí ó ti rí, kò fi ọ̀kan pa mọ́.

"Ìròyìn àná lẹ̀rọ yín wá ń sọ fún ẹja òní?" ni Ṣìmí bi í.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Kò le láti tún ṣe. Kí ẹ̀rọ máa da nọ́ńbà àkọ́kọ́ nù ni."

"Kí o tún un ṣe fún ta ni?"

Matthias ní, "Ṣìmí, fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Èmi náà rí i, mo sì bá a rẹ́rìn-ín." Ó wọnú omi lọ, ó ń fi agbọ̀n gbọ́n ẹja. Rọ̀kíbátù ká ṣòkòtò rẹ̀ kí ó lè bá a gbọ́n, ṣùgbọ́n Ṣìmí na ọwọ́ sí ojú ọ̀nà.

Ní Lasunwon, ọ̀gá kò jẹ́ kí ó jókòó.

"Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ nìyẹn!"

"Ẹ̀yin náà tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, sà."



"Ṣé èmi ni mo ní kí o mú un sùn?" ni ọ̀gá wí. "Ojú wo ni màá fi wo àwọn èèyàn, kí n sọ pé mo ti fún ọ ní fírídọ̀ọ̀mù?"

Kí òjò tó dáwọ́ dúró, wọ́n ṣe àdúrà fírídọ̀ọ̀mù fún Ìdrís, ẹni tí Rọ̀kíbátù fúnra rẹ̀ kọ́ ní bí a ti ń jó wáyà mọ́ra. Rọ̀kíbátù ni wọ́n ní kí ó máa gbé mínírà tútù fún àwọn àlejò.

"Tìrẹ ńkọ́, Rọ̀kí?" ni ìyá Ìdrís bi í. "Ìgbà wo la ó wá jẹ ẹ́?"

Rọ̀kíbátù gbé ìgò kan lé e lọ́wọ́. "Ẹ tètè mu ún, mà," ni ó wí, "kí ó má baà lọ́ wọ́ọ́rọ́."