Ọjọ́ Tí Mo Bọ́ Bàtà Níwájú Àgbọ̀nrín

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ sún mọ́bí, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí ní oko òyìnbó. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, irun ara mi ṣì ń dìde!

Ẹ mọ̀ mí. Ìwé mi ò jìnnà, àmọ́ kò sí ẹni tó ń wa forklift bí èmi ní gbogbo Dagenham Dock, ní London níbí. Ọmọ ọdẹ sì ni mí, ọmọ ọdẹ Ṣakí gidi! Nígbà ayé bàbá mi, kò sí ẹran tó ń sùn fọkàn balẹ̀ nínú igbó ibẹ̀.

Àṣé ẹnu mi fẹ́ kó mi sí wàhálà. Nígbà tí à ń ṣèpàdé harvest ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní kí oníkálukú sọ ohun tó máa mú wá. Ẹnì kan ní rice, ẹnì kan ní mineral. Mo dìde, mo ní àgbọ̀nrín lèmi máa gbé wá, èyí tí mo fọwọ́ ara mi pa! Gbogbo ilé pariwo. Inú Ìyá Ìjọ, tó ń bójú tó oúnjẹ, dùn débi pé ó ní òun ò ní ra ewúrẹ́ mọ́. Ẹ ò rí nǹkan? Bí mi ò bá rí ẹran pa, ìkòkò gbogbo ìjọ ṣófo nìyẹn.

Bàbá Dáre nìkan ló ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ọ̀rẹ́ mi ni, àmọ́ ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. "Ọdẹ àdúgbò Becontree! Àbí ọ̀kẹ́rẹ́ Valence Park lo fẹ́ kó wá, kó o ní àgbọ̀nrín ni?"

Mo ní kó lọ pọ́n ọ̀bẹ sílẹ̀.

Ẹni tí mo gbójú lé ni Terry, bàbá òyìnbó kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Àgbẹ̀ kan ní apá Essex gbà á láyè kó máa bá òun dín àgbọ̀nrín kù, torí wọ́n ń jẹ ọ̀gbìn rẹ̀. Terry ní license ìbọn, ó sì ní bí òun bá dúró tì mí, tí olóko fọwọ́ sí i, mo lè yin ìbọn òun.

Ìbọn wo? Há! Ìbọn ogun ni! Èyí tí àwọn sójà fi jagun àgbáyé, tí ìjọba wá tà ní gbàǹjo nígbà tí ogun parí. Igi ni ìdí rẹ̀, ó ń dán bí orí àgbà tó pá. Kò ní awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn lórí bíi ti ìbọn ìsinsìnyí, ojú ara rẹ lo máa fi wò ó. Bàbá bàbá mi gbé irú rẹ̀ lọ jagun ní Burma. Ó máa ń sọ fún wa pé ó wúwo bí ọmọ tó ti sùn lọ. Nígbà tí Terry gbé e lé mi lọ́wọ́, mo ní òótọ́ ni bàbá sọ!

Terry kọ́kọ́ jẹ́ kí n máa yìn ín sí pátákó. Ibi tí mo bá fẹ́ ni ọta mi ń wọlé sí! Èjìká mi wú o, àmọ́ mi ò jẹ́ kí ìyàwó mi mọ̀.

Ọjọ́ ọdẹ pé. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí a fi dé oko, ìkùukùu bo gbogbo pápá. Terry ní ọ̀dọ́ akọ àgbọ̀nrín kan tó ń tiro la wá pa. Mọ́tò ló kọlù ú, òtútù ọdún yìí ló máa pa á. Ó ní kí n má yin òmíràn o. Ọta kan ṣoṣo ló kì sínú ìbọn.

Àmọ́ bàtà ibiṣẹ́ ni mo wọ̀! Bí mo bá gbẹ́sẹ̀, fọ̀ṣọ̀! Bí mo bá tún gbé e, fọ̀ṣọ̀! Terry bínú, ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ pé bàtà mi ń pariwo ju reluwé lọ, pé irú ìbọn yìí, àfi ká sún mọ́ ẹran dáadáa, bẹ́ẹ̀ báyìí òfo la máa gbé relé.

Ọgbọ́n wá sọ sí mi. Ṣé àwa tí à ń wọ sùtánà, bàtà la fi ń rìn ni? Láti ilé mi dé ṣọ́ọ̀ṣì, ẹsẹ̀ lásán ni, lórí kọnkéré Dagenham, nínú òtútù, tí àwọn ọmọ àdúgbò ń yà wá ní fọ́tò! Mo jókòó, mo bọ́ bàtà, mo bọ́ sọ́ọ̀kì. Terry lanu sílẹ̀. Ó nàka sí orí, bíi pé ṣé tèmi pé báyìí? Mo ní kó máa tẹ̀lé mi.

A ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ohùn kan bá dún. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́? Ó dàbí ìgbà tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ń hanrun!

Ó jáde láti inú ìkùukùu. Akọ àgbọ̀nrín! Kì í ṣe èyí tó ń tiro o. Ìwo rẹ̀ fẹ̀ lókè bí àtẹ́lẹwọ́ méjì tí òmìrán gbé sókè láti gbàdúrà. Èéfín ń jáde nímú rẹ̀, oòrùn ń yọ lẹ́yìn rẹ̀. Ó sún mọ́ débi pé mò ń gbọ́ òórùn ara rẹ̀. Ó dúró, ó kọ ẹ̀gbẹ́ sí mi.

Ìka mi ti wà lórí tírígà. Mo rò ó: ìwo yìí ní parlour mi! Fọ́tò lórí status! Bàbá Dáre á kú! Ṣebí mo lè ní mo ṣèèṣì ni?

Ó bá yí orí, ó wò mí. Kò sá. Ìrì tutù lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, mo sì rántí pé ilẹ̀ mímọ́ ni mo ti máa ń bọ́ bàtà. Ìka mi kúrò lórí tírígà, mi ò mọ ìgbà tó kúrò! Mo dorí ìbọn kọ ilẹ̀. Ó hanrun lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì rọra kọjá, bí ọba tó ń rìn nínú ààfin ara rẹ̀.

Ẹ̀yìn rẹ̀ lèyí tó ń tiro gbà wá. Mo yìn ín, ìbọn àgbà sọ̀rọ̀! Gbogbo ẹyẹ oko fò. Ẹran náà ṣubú lójú ẹsẹ̀, kò jà rárá. Terry ṣí fìlà. Èmi náà fọwọ́ kan ilẹ̀, mo fi kan iwájú orí, bí bàbá mi ti máa ń ṣe. Terry gba ìbọn lọ́wọ́ mi. Ó ní gbogbo ọdún tí òun ti ń wá síbẹ̀, òun ò sún mọ́ ọba yẹn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ní ọjọ́ harvest, ìkòkò Ìyá Ìjọ kún! Bàbá Dáre ní kí n gbé ìwo wá kóun rí i. Mo mú un jáde, kò ju ìka ọwọ́ lọ.

"Ẹ gbà mí o! Òbúkọ lo pa!" Bẹ́ẹ̀ ló ń sọ, tí ẹran sì kún ẹnu rẹ̀.

Mo fẹ́ ròyìn èyí tó jáde nínú ìkùukùu fún un. Ọ̀rọ̀ ò wá. Mo wo ilẹ̀, mo rí ẹsẹ̀ gbogbo wa láìsí bàtà. Mo kàn rẹ́rìn-ín, mo ní kí wọ́n fi ẹran kún tiẹ̀.

Ohun tí mo kọ́ ni pé kì í ṣe gbogbo ohun tí ojú bá rí ni ọwọ́ ń pa. Ọdẹ tó mọ èyí tó yẹ kó kọjá, ọ̀gá ni. Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá ṣì ni mí o!

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ ti rí rí tó pa yín lẹ́nu mọ́? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, gbogbo ẹ̀ ni màá kà. Àmọ́ ẹ má purọ́ o. Ọmọ ọdẹ mọ ipa ẹsẹ̀ irọ́!