Ìpàdé Lórí Ọmú Mi

Mo rántí pé ìrẹsì ni mo ń sè lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n jókòó sí pálọ̀ wa ní Elekahia, nílẹ̀ àjòjì tí a ti ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n ń ṣèpàdé lórí ọmú mi. Èmi tí mo ni ọmú ni mò ń gbé omi tútù fún wọn. Ẹ wo òmùgọ̀ obìnrin! Àwọn ọkùnrin ń gbàṣẹ lẹ́nu mi ní báńkì, àmọ́ tí mo bá ti délé, mo di "ẹ jọ̀ọ́, sà".

Dókítà ti fọwọ́ yẹ ọmú àti abíyá mi wò, ó ti fi abẹ́rẹ́ mú díẹ̀ nínú kókó tó bá nínú ti òsì lọ yẹ̀wò. Jẹjẹrẹ ni. Ó ní ọmú òsì gbọ́dọ̀ kúrò kíákíá, kí jẹjẹrẹ náà tó dé abíyá. Ó ní àwọn lè fi ẹran ikùn mi mọ òmíràn, àwọn lè ki àpò rọ́bà sábẹ́ awọ, tàbí kí ojú ibẹ̀ wà bẹ́ẹ̀ pẹrẹsẹ. Ló bá kọjú sí ọkọ mi: "Oga, which one you want?" Àfi bí ẹni ń ra bàtà!

Ọkọ mi ní òun á ronú sí i. Ìrònú náà ló di ìpàdé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wọkọ̀ wá láti Ìjẹ̀bú, alàgbà ìjọ wa náà yọjú. Ẹ̀gbọ́n ní ti ikùn ló dáa, "ikùn ìyàwó wa á tún wọlé." Alàgbà ní rọ́bà kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́run. Ọkọ mi ní ṣé ó máa rọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀? Kò sẹ́ni tó bèèrè bóyá mo máa kú. Wọn kì í fá orí lẹ́yìn olórí; tèmi, olórí wà níbẹ̀, ó ń gbé ife kiri. Wọ́n wá fẹnu kò pé kí iṣẹ́ abẹ náà dúró ná, kí ẹ̀gbọ́n padà sílé lọ gba ìmọ̀ràn ìyá wọn. Fóònù ò tíì wọ́pọ̀ nígbà yẹn.

Mo pa sítóòfù. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìrẹsì ti jinná, ẹ bá mi bù ú fún wọn." Mo wọ takisí, ó di ọsibítù.

Dókítà ní, "Madam, your husband nko?"

"E dey house dey do meeting. Bring the paper make I sign. Pẹrẹsẹ ni mo fẹ́."

Ó ti pẹ́ gan-an. Ọkọ mi ṣì máa ń jẹ́rìí nínú ìjọ pé òun lòun tètè gbé mi lọ sí ọsibítù. Ìjọ á ké halelúyà, èmi náà á ké e. Irọ́ rẹ̀ ò lè pa mí. Ìpàdé rẹ̀ ló kù díẹ̀ kó pa mí.